Láptọ́ọ̀pù wo ni kí n rà fún iṣẹ́ wẹ́ẹ̀bù? Ìdáhùn fún àbúrò wa ní Ṣómólú

Òǹkàwé wa kan kọ̀wé sí mi, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o sà. Ṣómólú ni mo wà, mo máa ń ṣe design fún àwọn onítẹ̀wé, fúláyà, káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, gbogbo ẹ̀. CorelDRAW ni mo fi ń ṣe é lórí dẹ́sítọ́ọ̀pù HP kan tó ti pẹ́, RAM 4GB, hard disk ló ní, kò sí SSD. Mo fẹ́ bọ́ sí web design díẹ̀díẹ̀. ₦500,000 ni mo ti tọ́jú. Ọ̀rẹ́ mi kan ní MacBook ni kí n rà, òmíràn ní gaming laptop ló dáa torí graphics. Èwo ni kí n rà sà, software wo ni kí n kọ́, ṣé kí n pa Corel tì ni?"

Àbúrò, o káre tó o ti ń tọ́jú owó kó o tó béèrè. Owó yẹn lè ṣe é, àmọ́ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú ẹ da gbogbo ẹ̀ lé ẹ̀rọ kan ṣoṣo lórí. Ohun tí mo fẹ́ kó wà lọ́kàn ẹ tó o bá ń lọ sọ́jà ni pé kó o ra ẹ̀rọ tí wọ́n lè tú, tí wọ́n lè fi RAM kún (ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ tó ṣí lọ́wọ́ sí), tí wọ́n lè pààrọ̀ bátìrì ẹ̀ fún ẹ níbí ní Èkó, kó o sì yọ ìdámárùn-ún owó náà sílẹ̀ fún iná, dátà àti fóònù kékeré kan tí màá sọ̀rọ̀ ẹ̀ níwájú. Ẹni tó ra ẹ̀rọ olówó ńlá tí ò wá rí owó dátà rà mọ́, kí ló fẹ́ fi ẹ̀rọ yẹn ṣe?

Ọ̀rọ̀ gaming laptop ò gùn. Graphics card tó wà nínú ẹ̀, géèmù, fídíò àti iṣẹ́ 3D ló wà fún. Iṣẹ́ wẹ́ẹ̀bù ni pé o ṣí Chrome, táàbù bí ogún wà níbẹ̀, o ṣí Figma tó o fi ń ya sáìtì, o ṣí ibi tó o ti ń kọ code, o tún ṣí WhatsApp torí kọ́sítọ́mà ń béèrè pé ibo lo bá iṣẹ́ dé. RAM ni gbogbo ìyẹn ń jẹ, kì í ṣe graphics card. Gaming laptop tún wúwo, ṣájà ẹ̀ sábà máa ń fẹ́ iná tó ju ti láptọ́ọ̀pù ọ́fíìsì lọ ní ìlọ́po méjì sí mẹ́ta, bátìrì ẹ̀ kì í sì í pẹ́. Ní ibi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, ìnáwó lásán nìyẹn.

MacBook ńkọ́? Ẹ̀rọ tó dáa ni, mi ò ní parọ́. Èyí tí wọ́n gbé jáde ní November 2020 tó ní chip M1, bátìrì ẹ̀ máa ń pẹ́ gan-an, ojú ẹ̀ mọ́ kedere. Àmọ́ RAM tó bá bá a jáde náà ni wàá lò títí, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ẹ̀, kò sẹ́ni tó lè fi kún un fún ẹ ní Ìkẹjà. Tó bá sì jẹ́ ₦500,000 lo gbé lọ, tó ò fẹ́ ná an tán, MacBook oní-Intel àtijọ́ ni wọ́n máa kó síwájú ẹ. Má rà á. Apple fúnra wọn ti sọ ní 2025 pé macOS Tahoe ni wọ́n máa gbé jáde kẹ́yìn fún àwọn Mac oní-Intel. Kí lo fẹ́ fi ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń kí pé ó dìgbà bẹ́rẹ̀ iṣẹ́ fún?

Ohun tí màá ní kó o wá ni tòkúnbọ̀ láptọ́ọ̀pù ọ́fíìsì, àwọn bíi Lenovo ThinkPad T480, HP EliteBook 840 G5, tàbí Dell Latitude 5490. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì àti iléeṣẹ́ ńlá lókè òkun ni wọ́n ṣe wọ́n fún, wọ́n le bí òkúta, ihò RAM méjì-méjì ló wà nínú wọn, àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìkẹjà sì mọ inú wọn dáadáa. Má ra èyí tó bá kéré sí 8th gen, ìyẹn ìran kẹjọ chip Intel. Ìdí méjì ni. Àkọ́kọ́, Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró láti 14 October 2025, Windows 11 ò sì gba Intel tó kéré sí 8th gen, àfi kéèyàn fi ọgbọ́n ẹ̀yìn gbé e wọlé, ìyẹn ò dáa fún ẹni tó fẹ́ fi ẹ̀rọ jẹun. Ìkejì, ọdún 2017 tí 8th gen jáde yẹn ni Core i5 inú irú láptọ́ọ̀pù pẹlẹbẹ yìí kúrò ní core méjì di mẹ́rin (core ni ọpọlọ inú chip). Torí náà tí ẹni tó ń tà á bá ń pariwo fún ẹ pé "Core i7 ni o, i7!", wo nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e. i7-6600U, 6th gen nìyẹn, core méjì ló ní. i5-8250U, 8th gen, core mẹ́rin. i5 yẹn ló lágbára jù, bẹ́ẹ̀ i7 yẹn ni wọ́n fẹ́ fi gba owó gọbọi lọ́wọ́ ẹ.

RAM, bẹ̀rẹ̀ láti 8GB, àmọ́ 16GB ni kó o máa lé, tó o bá rà á ní 8GB kó jẹ́ pé ihò kan ṣì ṣófo tó o lè fi 8GB míì sí tówó bá dé. SSD, ìyẹn ibi ìtọ́jú fáìlì tó yá ju hard disk lọ, 256GB tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ojú ẹ̀rọ náà ńkọ́, ibí yìí làwọn tó ń ra tòkúnbọ̀ kì í wò rárá, bẹ́ẹ̀ òun ni ojú ẹ máa wà lára ẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. 1920 × 1080 pixel ni kó jẹ́, kó sì jẹ́ IPS, irú ojú tí àwọ̀ ẹ̀ kì í yí padà tó o bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Irú ẹ̀rọ kan náà yìí wà tó jẹ́ 1366 × 768, nǹkan ò ní gbà sójú ẹ̀, àwọ̀ á sì ṣì ẹ́ lọ́nà. Tó bá jẹ́ EliteBook, ṣọ́ra fún èyí tó ní Sure View, wọ́n ṣe é káwọn tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ má bàa rí ohun tó ò ń ṣe ni, àwọ̀ ẹ̀ máa ń ṣókùnkùn tó o bá yí orí díẹ̀. Fún ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ àwọ̀, kò dáa.

Ó wá ku rírà fúnra ẹ̀. Wọ mọ́tò láti Ọnípànù, lọ sí Computer Village láàárọ̀ ọjọ́ tí kì í ṣe Sátidé, mú flash drive dání, kó o ti gbé CrystalDiskInfo, app tó ń yẹ ìlera SSD wò, sórí ẹ̀ láti ilé, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn ọmọ tí wọ́n máa ń dúró lẹ́nu Ọ̀tígbà tí wọ́n á máa fà ẹ́ lápá pé "bọ̀dá, kí lẹ fẹ́ rà", kí wọn dáadáa kó o máa lọ. Ṣọ́ọ̀bù ni kó o wọ̀, èyí tó ní àdírẹ́sì, tó ń já rìsíìtì, tó sì ń fúnni láyè láti dá ọjà padà, ì báà jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì péré.

Wọ́n á ti tan ẹ̀rọ náà sílẹ̀ dè ẹ́, á máa dán gbinrin. Ní kí wọ́n pa á. Tan án fúnra ẹ, kó o máa tẹ F1 léraléra tó bá jẹ́ ThinkPad, F10 tó bá jẹ́ HP, F2 tó bá jẹ́ Dell, ìyẹn ló máa gbé ẹ wọ BIOS, ètò ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ tó máa ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó wọlé. Tó bá béèrè password, tí ẹni tó ń tà á ò sì mọ̀ ọ́n, dìde níbẹ̀. Iléeṣẹ́ lókè òkun ni púpọ̀ nínú ẹ̀rọ yìí ti wá, àwọn kan ṣì wà tí iléeṣẹ́ ọ̀hún ò tíì jọ̀wọ́ ẹ̀. Wò ó bóyá wàá rí Computrace tàbí Absolute níbẹ̀, ètò tí iléeṣẹ́ fi ń ṣọ́ ẹ̀rọ wọn láti òkèèrè, tí wọ́n bá kọ Activated sí i, wọ́n lè ti ẹ̀rọ yẹn pa láti ibi tí wọ́n wà, ibi tó o bá sì ti ń ṣiṣẹ́ kọ́sítọ́mà lọ́wọ́ ló máa kú sí.

Tó bá kọjá ibẹ̀, jẹ́ kó wọ Windows. Tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀, lọ sí Performance, lọ sí Memory, wo ibi tí wọ́n kọ Slots used sí. Tó bá jẹ́ 1 of 2, ihò kan ṣófo, ohun tá a fẹ́ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ṣí cmd (ojú dúdú tí wọ́n ń kọ àṣẹ sí nínú Windows), kọ powercfg /batteryreport, tẹ Enter, á sọ ibi tó tọ́jú fáìlì náà sí fún ẹ, ṣí i. Wàá rí Design Capacity, ìyẹn agbára tí bátìrì náà ní nígbà tó jẹ́ tuntun, àti Full Charge Capacity, èyí tó kù lára ẹ̀ báyìí. Ká ní ti àkọ́kọ́ jẹ́ 50,000 mWh, tí ìkejì wá jẹ́ 22,000, bátìrì yẹn ò tó ààbọ̀ mọ́, yálà kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ fún ẹ níbẹ̀ tàbí kí wọ́n já owó ẹ̀ wálẹ̀. T480 lè ní bátìrì méjì, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lẹ́yìn tó ṣeé yọ, méjèèjì ni kó o wò nínú ìwé yẹn. Fi CrystalDiskInfo wo ìlera SSD náà, Good ló yẹ kó kọ. Ṣí Notepad, tẹ gbogbo lẹ́tà níkọ̀ọ̀kan, títí kan nọ́ńbà àti àmì, ọ̀kan tí ò bá dáhùn, àfi kí wọ́n pààrọ̀ kíbọ́ọ̀dù. Ṣí ojú ewé funfun gbalaja, wò ó bóyá àbàwọ́n wà lójú ẹ̀. Ti ṣájà bọ ojú USB-C kọ̀ọ̀kan, kó o rí i pé ó ń gba iná. Kí wọ́n kọ serial number ẹ̀rọ náà sínú rìsíìtì. Àwọn kan á máa kùn pé o ti pẹ́ jù, jẹ́ kí wọ́n kùn. Owó ẹ ni.

Tó o bá ń gbé owó náà lọ sí àwọn ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà Saka Tinubu ní Victoria Island torí pé ọ̀rẹ́ ní ibẹ̀ dákẹ́ jù, ìyẹn náà dáa, àyẹ̀wò kan náà ni.

Iná. O mọ̀ pé dẹ́sítọ́ọ̀pù ẹ yẹn, bí wọ́n ṣe mú iná báyìí, iṣẹ́ tó ò tíì tọ́jú ti lọ nìyẹn. Láptọ́ọ̀pù mẹ́ta tí mo dárúkọ yìí, ṣájà 65W tó wọn, wọ́n sì ń gba iná láti ojú USB-C. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé power bank tó bá lè tú 65W jáde nípasẹ̀ USB-C lè gbé wọn fún wákàtí díẹ̀, inverter kékeré pàápàá máa gbé wọn, o ò ní máa tan jẹnẹrétọ̀ torí láptọ́ọ̀pù nìkan. Tí àdúgbò ẹ bá wà ní Band A, ìyẹn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ owó iná tuntun ẹ̀ ní April 2024 tí wọ́n ní ó kéré tán wákàtí ogún ló yẹ kí iná wà lójúmọ́, ó lè má ká ẹ lára tó bẹ́ẹ̀. Tí o ò bá sí ní Band A, power bank ni kó o kọ́kọ́ fi owó tó o yọ sílẹ̀ yẹn rà.

Dátà náà ńkọ́? Ọjọ́ tó o bá kọ́kọ́ so láptọ́ọ̀pù mọ́ hotspot fóònù ẹ, lọ sínú ètò Wi-Fi, tan Metered connection, ìyẹn ló ń sọ fún Windows pé kó ṣọ́ dátà ná. Tó ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, Windows máa fa update, á jẹ dátà ọ̀sẹ̀ kan tán lọ́jọ́ kan.

Ó yá, software. Inú mi dùn láti sọ fún ẹ pé ibí yìí ni owó ẹ ti máa pẹ́ lápò ẹ jù, torí ọ̀fẹ́ ni púpọ̀ nínú irinṣẹ́ tí àwọn ọ̀gá ń lò lágbàáyé. VS Code ti Microsoft ni kó o máa fi kọ code. Figma ni kó o máa fi ya bí sáìtì ṣe máa rí, inú browser ló ti ń ṣiṣẹ́, ibi tó jẹ́ ọ̀fẹ́ níbẹ̀ tó ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ó tún ṣẹ́ kù. Tí ẹnì kan bá ní kó o lọ kọ́ Adobe XD, ṣọ́ra, Adobe ò fi nǹkan tuntun kún un mọ́. Photopea á ṣí PSD (fáìlì Photoshop) fún ẹ nínú browser, Inkscape àti GIMP tí wọ́n fi ń ya àwòrán, tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe, wà tó ò bá ní íntánẹ́ẹ̀tì. Kíkọ́ HTML àti CSS, èdè tí wọ́n fi ń kọ sáìtì, lórí sáìtì MDN àti freeCodeCamp, ọ̀fẹ́ ni, kò sí ilé ẹ̀kọ́ tó o fẹ́ san ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún náírà fún tó máa kọ́ ẹ ní ju ohun tó wà níbẹ̀ lọ lóṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. WordPress, ètò tí wọ́n fi ń kọ́ sáìtì láìkọ code púpọ̀, kọ́ ọ tẹ̀ lé e, torí oníṣòwò tó fẹ́ máa yí iye ọjà ẹ̀ padà fúnra ẹ̀ ò ní fẹ́ fọwọ́ kan code, ó sì ju ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá lọ nínú àwọn sáìtì ayé tó jẹ́ WordPress. Gbé app tí wọ́n ń pè ní Local sórí ẹ̀rọ ẹ, wàá máa kọ́ WordPress sínú láptọ́ọ̀pù láìná dátà títí iṣẹ́ á fi parí.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ sọ fún ẹ látọkàn wá. Àwọn theme (ìrísí sáìtì) àti plugin (àfikún iṣẹ́) WordPress tí wọ́n ń tà ní owó, tí àwọn kan wá ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Telegram, tí wọ́n ń pè ní nulled, má fọwọ́ kàn án. Wọ́n sábà máa ń fi nǹkan pamọ́ sínú ẹ̀ tó máa ṣílẹ̀kùn fún olè. Iṣẹ́ wẹ́ẹ̀bù kì í ṣe bíi ti fúláyà tó jẹ́ pé o tẹ̀ ẹ́ tán, o gbé e lé oníbàárà lọ́wọ́, ó parí. Password hosting wọn (ibi tí sáìtì wọn ń gbé), ímeèlì iléeṣẹ́ wọn, nígbà míì ibi tí owó ń gbà wọlé, ọwọ́ ẹ ni gbogbo ẹ̀ máa wà. Sáìtì ìyá tó ń ta aṣọ ní Balógun tí wọ́n já gbà torí theme ọ̀fẹ́, orúkọ ẹ ló máa pè.

Wàyí o, ohun tó máa kọ́kọ́ dà ẹ́ láàmú ni pé ọkàn ẹ ṣì wà lórí bébà. Lórí bébà, A5 ni A5, kò sẹ́ni tó máa fà á gùn. Lórí wẹ́ẹ̀bù, fóònù kan fẹ̀ ju ìkejì lọ, ẹlòmíì ti fi lẹ́tà ẹ̀ sí ńlá torí ojú ẹ̀ ò ríran dáadáa, iṣẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ gba gbogbo wọn. CMYK, àwọ̀ ìtẹ̀wé, di RGB, àwọ̀ ojú ẹ̀rọ, sẹ̀ńtímítà di pixel, ọ̀rọ̀ 300 dpi ò sí mọ́. Fọ́tò 5MB tó dáa fún ìtẹ̀wé, gbé e wọ Squoosh, sáìtì tó ń dín fọ́tò kù, sọ ọ́ di WebP, irú fáìlì fọ́tò tó fúyẹ́, dín fífẹ̀ ẹ̀ kù sí bíi 1200 pixel, wàá rí i pé ó lè bọ́ sí 150KB tí ojú ò sì ní mọ ìyàtọ̀. Ẹni tó máa ṣí sáìtì náà nínú dánfó ló ń san owó dátà yẹn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó o ra fóònù kékeré. itel tàbí Tecno tòkúnbọ̀ tó ní RAM 2GB, irú èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn tó máa lo iṣẹ́ ẹ. Nínú VS Code, fi Live Server kún un, àfikún tó máa jẹ́ kí fóònù lè ṣí sáìtì inú láptọ́ọ̀pù ẹ, tan hotspot, kí láptọ́ọ̀pù àti fóònù jọ wà lórí ẹ̀. Kọ ipconfig sínú cmd, mú nọ́ńbà IPv4 tó o bá rí, bíi 192.168.43.20, kọ ọ́ sínú browser fóònù náà, kó o fi :5500 tẹ̀ lé e. Tí Windows bá béèrè bóyá kó gbà á láyè, gbà. Sáìtì ẹ máa yọ lójú fóònù náà, bó o ṣe ń tún code ṣe ló ń yí padà lójú ẹ̀, kò sì jẹ dátà. Bọ́tìnì tí àtàǹpàkò ò lè tẹ̀, lẹ́tà tó kéré jù, fọ́tò tó ń fa ẹsẹ̀, ibẹ̀ ni wàá ti rí gbogbo ẹ̀ kí oníbàárà tó rí i. F12 inú Chrome náà ń ṣe irú fóònù, àmọ́ agbára láptọ́ọ̀pù ẹ ló fi ń ṣe é, kò lè fi bí fóònù kékeré ṣe ń lọ́ra hàn ẹ́ tán.

Tó o bá wà níbẹ̀, kọ Ọ̀ṣun, Ẹ̀gbá, Ṣẹ̀gílọlá sínú sáìtì náà pẹ̀lú gbogbo fọ́ǹtì tó o bá fẹ́ lò. Fọ́ǹtì púpọ̀ wà tó rẹwà lédè Òyìnbó tó jẹ́ pé àmì orí ọ̀ á fò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, torí kọ̀ǹpútà ò ní lẹ́tà ọ̀ odindi kan, ọ àti àmì ló ń tò pọ̀. Noto Sans máa ń tò ó dáadáa, ọ̀fẹ́ sì ni lórí Google Fonts. Àwa Yorùbá ni kọ́sítọ́mà ẹ, má jẹ́ kí orúkọ wọn já lójú sáìtì wọn.

Dẹ́sítọ́ọ̀pù HP yẹn àti Corel, má tà á, má sì pa á tì. Owó onítẹ̀wé Ṣómólú ló ṣì máa bọ́ ẹ títí tí ti wẹ́ẹ̀bù á fi dúró. Fi SSD kékeré sí i, fi RAM 4GB kún un tó bá gbà á, wàá rí ìyàtọ̀. Torí Corel nílò Windows, fi Windows tó wà nínú ẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, àmọ́ tó bá jẹ́ Windows 10, yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí tí kò rí àtìlẹ́yìn mọ́, flash ni kó o máa fi gbé fáìlì láàárín òun àti láptọ́ọ̀pù. Lógò tó o bá ti yà fún kọ́sítọ́mà nínú Corel, sọ lẹ́tà ẹ̀ di curves, lọ sí Export, yan SVG, òun kan náà ló máa wọ sáìtì, kò ní fọ́ bó ti wù kí wọ́n fẹ̀ ẹ́ tó. Àwọn tó ti ń tẹ káàdì lọ́dọ̀ ẹ ni kó o kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ wẹ́ẹ̀bù, lógò wọn ti wà lọ́wọ́ ẹ ná.